Oúnjẹ àti ohun èlò ilé tí a ń tọ́jú de ọjọ́ ìṣòro: kí ni ká kọ́kọ́ rà, báwo la ṣe ń pa á mọ́?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé, àgbà méjì àti ọmọ méjì tí wọn ò tíì tó ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́ máa kó oúnjẹ àti ohun èlò pamọ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí omíyalé bá dé, tàbí iná lọ fún ọjọ́ gbọọrọ, tàbí wọ́n ní kí oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀ bíi tọdún 2020, a ò ní máa sá sókè sá sódò. Àyè tí a ní ò pọ̀: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú ilé ìdáná. Owó náà ò pọ̀, mi ò lè ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí kòkòrò ò fi ní bá mi pín in? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Onírédíò:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ ná, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè fún. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fara da ebi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òùngbẹ kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀.

Ìdíwọ̀n tí àwọn àjọ tó ń rí sí ìjàǹbá ń lò ní Amẹ́ríkà ni gálọ́ọ̀nù kan, ìyẹn bíi lítà 4, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ìdajì rẹ̀ wà fún mímu, ìyókù wà fún oúnjẹ sísè àti ìmọ́tótó. Lítà 3 ni wọ́n ń sọ fún àwọn ará Jápáànù. Lítà 2 ni ti Jámánì, àmọ́ mímu àti oúnjẹ sísè nìkan ni wọ́n kà sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọdé wà nílé yín, ẹ fi 4 ṣe é. Ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ 3 jẹ́ lítà 48. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ó di 224. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn já yín láyà, ẹ ti ọjọ́ 3 bẹ̀rẹ̀. Àní lóṣù kẹta ọdún 2025, ọjọ́ 3 náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí gbogbo ilé máa múra sílẹ̀ fún.

Ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tìtorí pé ó dínwó. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, ta ló máa gbé kílò 25 lókùnkùn tí ẹ̀yìn bá ń ro ó? Kẹ́ẹ̀gì onílítà 5 tàbí 10 ló dáa, ó sì máa ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó jẹ́ ike tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ tàbí omi. Ike tó ti gba kẹrosíìnì, oògùn apa-koríko tàbí kẹ́míkà rí, ẹ má fi pọn omi láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Èyí tó gba wàrà náà ò dáa, ọ̀rá wàrà máa ń lẹ̀ mọ́ ike, kòkòrò àìfojúrí á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹ fi ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì náà, kí ẹ wá fi ṣíbí kékeré kan bílíìsì, ìyẹn omi afọṣọ-di-funfun, sínú lítà omi kan, kí ẹ mì í kó kan gbogbo inú rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ pọn omi tó mọ́ sí i, ẹ dé e pa, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Kó má wà nínú oòrùn, kó má sì sún mọ́ bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò, torí èéfín wọn máa ń gba ara ike wọlé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ omi tó dọ́ṣọ̀. Ẹ jẹ́ n fi ti ìgbà tí omi ìpamọ́ bá tán kún un.

Síse ló dájú jù. Kí omi hó gidi fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibi tí ẹ̀ ń gbé bá ga ju mítà 2,000 lọ sí òkun, kó jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Bí kò bá sí ohun ìdáná, ẹ lo bílíìsì. Kó jẹ́ èyí tí kò lóòórùn dídùn, tí wọn ò sì po ọṣẹ mọ́, tí agbára rẹ̀ wà láàárín 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ẹ kán an lẹ́ẹ̀mejì sínú lítà omi kan, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kẹ́nikẹ́ni tó mu ún. Bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá kán an lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ òórùn bílíìsì náà fẹ́ẹ́rẹ́ lára omi yẹn.

Bílíìsì tí ẹ rà tọ́jú kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Agbára rẹ̀ ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, torí náà ẹ máa ra tuntun lọ́dọọdún, kí ẹ fi ti àtijọ́ fọṣọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má po ó mọ́ ọtí kíkan tàbí mọ́ ọṣẹ ìfọlé tó ní amóníà nínú. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ohun kan tún wà: síse ò yọ epo mọ́tò tàbí kẹ́míkà kúrò nínú omi, bílíìsì náà ò sì yọ ọ́. Omi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti wọ̀, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ.

Alásè:

Oúnjẹ wá kàn. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n má ra oúnjẹ tí ilé wọn kì í jẹ. Ọmọ tí kì í jẹ ẹja inú agolo nígbà tí ara rọ̀ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ràn ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà á. Ẹ wo ìkòkò yín, ẹ wo ohun tí ẹ sè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ni ìwé ìrajà yín wà.

Àwọn ará Jápáànù, tí ilẹ̀ wọn máa ń mì tìtì lóòrèkóòrè, ní ọ̀nà kan tí ìjọba fi ń kọ́ wọn. Bí ẹ bá máa ń ra àpò ìrẹsì kan, ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Ẹ jẹ èkíní. Tó bá tán, ẹ ṣí èkejì, kí ẹ sì lọ ra òmíràn wá rọ́pò. Tuntun máa ń lọ sẹ́yìn, àtijọ́ á bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró, iyọ̀, ọṣẹ àti ìṣáná. Kò sí pé oúnjẹ ń bàjẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan, torí ẹ̀ ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ilé ò ní gbẹ láé. Owó tó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan ò ju ti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fi kún ọjà yín lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nímú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ti pé báwo ló ṣe máa pọ̀ tó: Ètò Oúnjẹ Àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi kálórì 2,100 lóòjọ́ ṣe ìdíwọ̀n fún ẹni tí kò ní ibòmíràn tó ti máa rí oúnjẹ. Ohun tí wọ́n sábà ń pín fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ ni gíráàmù 400 ọkà (ìrẹsì, àgbàdo tàbí àlìkámà), 60 ẹ̀wà, 25 òróró, 15 ṣúgà, 5 iyọ̀, àti 50 ìyẹ̀fun àgbàdo òun sóyà tí wọ́n fi fítámì sí. Mo bá yín ṣírò ẹ̀ fún ẹni mẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì. Ọkà á tó kílò 22 àti díẹ̀, ẹ̀wà á lé díẹ̀ ní kílò 3, òróró á tó lítà kan ààbọ̀, ṣúgà ò tó kílò kan, iyọ̀ ò sì tó ìdá mẹ́ta kílò. Garawa onílítà 20 méjì gba gbogbo ọkà àti ẹ̀wà yẹn. Bí ẹ ò bá rí ìyẹ̀fun onífítámì náà, ẹ fi ẹ̀wà, wàrà gbígbẹ àti ẹja agolo dí àyè ẹ̀. Àwọn ọmọ ò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ kúrò, àlejò lè bá yín nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:

Alásè, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ló fẹ́ iná àti omi. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo nǹkan máa ń dàrú jù: gáàsì lè má sí, ilé lè má ṣeé dáná sí, omi á sì wọ́n. Ojú tèmi ni pé kí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ ní oúnjẹ ọjọ́ 3 tí wọ́n lè ṣí kí wọ́n sì jẹ bẹ́ẹ̀ kó tó kan ìrẹsì. Bisikíìtì, ẹ̀pà àti ẹ̀pà lílọ̀, ẹja agolo, ẹ̀wà agolo tó ti jiná, èso agolo, èso gbígbẹ. Ẹ̀wà gbígbẹ nílò omi púpọ̀ àti iná fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi ìpamọ́ bá jẹ́ lítà 48 péré, ẹ̀wà sísè á tún dín in kù.

Alásè:

Àbúrò, òótọ́ lẹ sọ. Ọjọ́ 3 aláìdáná ṣíwájú, ìrẹsì àti ẹ̀wà tẹ̀ lé e. Omi tó wà nínú èso agolo àti ẹ̀wà agolo pàápàá wúlò, ẹ má dà á nù. Fún ẹ̀wà gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, iná tó máa jẹ á dín kù púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí, bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín lẹ rà, ẹ má sè é lórí iná kékeré láti fi ṣọ́ gáàsì. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí ìwọ̀nba ooru kì í pa, ìwọ̀nba ooru tilẹ̀ ń mú un le sí i, hóró mélòó kan sì ti tó láti dá èébì àti inú rírun sílẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é, kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 30.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ omi àti ti ọjọ́ 3 sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ló kù. Mo dé ìrẹsì pa sínú ike lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo máa ṣí i, ó ti ń rìn. Ibo ni wọ́n gbà wọlé?

Àgbẹ̀:

Ìyá Ìbejì, wọn ò wọlé rárá, ẹ̀yin lẹ dé ike mọ́ wọn. Inú hóró ni kòkòrò ọkà ti ń bá wa délé. Abo wọn á lu ihò bíńtín sára hóró, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á sì fi nǹkan dí ojú ihò náà pa. Ẹ lè fi ojú wo irú hóró bẹ́ẹ̀ kí ẹ má rí nǹkan kan. Inú ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ á ti pa, á jẹ hóró náà láti inú, ọjọ́ tó bá dàgbà ló tó jáde.

Ọ̀nà méjì ló dá mi lójú. Bí ẹ bá ní firísà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó tutù dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, ẹ di ìrẹsì náà sínú ọ̀rá tó ṣe pinpin, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ 4. Ẹyin, ìdin, àgbà kòkòrò, gbogbo wọn ló máa kú. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tíì ṣí ọ̀rá náà títí tí tútù á fi lọ lára rẹ̀, kó bàa lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀rá ni omi á sẹ̀ sí, kì í ṣe ara ìrẹsì. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi afẹ́fẹ́ dù wọ́n. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 làwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àpò aláwẹ́ mẹ́ta kan ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ẹ̀wà ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú, àpò híhun sì bò wọ́n níta. Wọ́n á di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ náà tán, wọn ò ní lè jẹun mọ́, wọn ò ní lè bímọ mọ́, wọ́n á kú síbẹ̀. Ẹ ò nílò oògùn kankan. Ike tí ọmọrí rẹ̀ le, tó ní rọ́bà lẹ́nu, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, bí ẹ bá kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má pọ̀, tí ẹ ò sì máa ṣí i lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ike kéékèèké mẹ́rin fi sàn ju ńlá kan lọ: ọ̀kan lẹ ó máa ṣí jẹ, mẹ́ta á wà ní pípa.

Kí ẹ tó dì í, ẹ rí i dájú pé ó gbẹ. Ọkà tútù tí wọ́n bá dé pa á bu, á sì máa ru, èébu ọkà míì sì lóró tí síse ò lè pa. Èyí ni bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ìgò tó gbẹ, tó mọ́ gaara, ẹ da ọkà náà sí i dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ fi ṣíbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta iyọ̀ tó gbẹ dáadáa kún un, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà lára ọkà yẹn, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Bí iyọ̀ bá jábọ́ sísàlẹ̀ tí ara ìgò mọ́, ó ṣeé dì.

Ẹ máa rí àwọn tó ń ta àpò pẹlẹbẹ kékeré tí ìyẹ̀fun irin wà nínú ẹ̀. Irin náà á dógùn-ún, ibi tó ti ń dógùn-ún ló ti ń fa ọ́síjìn inú ike tán. Ó dáa fún ìrẹsì funfun, àlìkámà àti ẹ̀wà tó gbẹ kanrinkanrin. Ẹ má fi sínú ṣúgà tàbí iyọ̀, wọ́n á di òkúta. Ẹ má sì fi sínú ohunkóhun tí omi ṣì wà lára rẹ̀, bíi ẹran tí kò gbẹ tán, torí kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé ibi tí ọ́síjìn kò sí ló ti ń ṣe oró, oró rẹ̀ sì ń pani.

Ìwádìí láti Yunifásítì Brigham Young fi hàn pé ìrẹsì funfun, àlìkámà odindi àti ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n bá dì lọ́nà yìí síbi tó tutù lè ṣeé jẹ títí dé ọgbọ̀n ọdún. Ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ tán ò rí bẹ́ẹ̀. Òróró wà nínú èèpo yẹn, ní bí oṣù mẹ́fà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀wà tó pẹ́ á le, á sì pẹ́ lórí iná, àmọ́ oúnjẹ ṣì ni. Iyọ̀, ṣúgà àti oyin ò ní ọjọ́ ìparí bí omi ò bá kàn wọ́n. Ibi tó tutù jù nínú ilé ni kí gbogbo ẹ̀ wà, torí ìdíwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 dín kù, oúnjẹ á pẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni mo fi kẹ́yìn. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ tí ẹ máa jẹ. Hóró oògùn tí wọ́n ń jù sínú àká ńlá máa ń tú èéfín olóró jáde tó bá ti kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Èéfín yẹn ti pa odindi ìdílé lójú oorun nítorí pé wọ́n fi í sínú àpò tó wà nínú yàrá. Àwọn ìbejì yín ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ fẹ́ kó nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ìyá Àgbà:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Gbogbo wọn ń sọ ti ẹnu, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyókù ara. Ọṣẹ ìwẹ̀ àti ọṣẹ ìfọṣọ. Páàdì oṣù kan tàbí méjì fún ìwọ alára. Ìwé ìnùdí, ọ̀rá ìdalẹ̀nù tó nípọn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìṣáná tí o fi ọ̀rá wé, abẹ́rẹ́ òun òwú, okùn, aṣọ ìnura tó lé. Fi ohun ìṣí agolo tí a ń fọwọ́ lò sí i. Agolo gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1810, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun ìṣí rẹ̀ jáde. Òòlù àti irin ni wọ́n fi ń ṣí i. Èmi ò fẹ́ kí ìwọ náà máa fi ọ̀bẹ gún agolo lókùnkùn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rántí. Omi kì í lọ nínú ṣáláńgá òyìnbó bí omi ẹ̀rọ ò bá sí. Garawa méjì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ará Wellington ní New Zealand láti lò: ọ̀kan fún ìtọ̀, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì pò, àpòpọ̀ yẹn ló ń rùn, òun náà ló ń pọ̀ lójijì. Tí ẹnì kan bá ti yàgbẹ́ tán, kí ó bu ìyẹ̀fun pákó, eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ bò ó, kí ó dé e. Kí omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kó owó pépà díẹ̀ pamọ́, wẹ́wẹ́ ni kó jẹ́. Iná tó bá lọ á gbé ẹ̀rọ ìsanwó lọ.

Ẹlẹ́rọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tèmi dá lórí iná.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì láti wo bóyá nǹkan ti ń yọ́. Bí ẹ ò bá ṣí i, oúnjẹ inú ẹ̀ á ṣì tutù fún bíi wákàtí 4. Firísà tó kún fọ́fọ́ á di tútù mú fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á ṣe 24. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹ fi ìgò omi dí àyè tó ṣófo nínú firísà yín nísinsìnyí: ó ń pa tútù mọ́, tó bá sì yọ́ tán omi mímu ni. Ti fíríìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, ti firísà tẹ̀ lé e, kó tó kan ti inú ike. Ẹran, wàrà tàbí oúnjẹ sísè tó bá ti ju wákàtí 2 lọ ní ìwọ̀n ooru tó lé ní 4, ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ rà, ẹ má gbára lé àbẹ́là, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bátìrì kan náà ni kí gbogbo wọn máa jẹ kí ẹ lè máa yá ti èyí lò fún tọ̀hún. Rédíò kékeré oníbátìrì ò gbọ́dọ̀ wọ́n nílé, torí fóònù lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe bákóńì, kì í ṣe ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èédú náà ò gbọ́dọ̀ jó nínú yàrá. Èéfín carbon monoxide tó ń tara wọn jáde ò lóòórùn, kò láwọ̀, orí fífọ́ àti òòyì ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú èèyàn, ẹni tó bá sì sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Bí ẹ bá ní owó ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí èéfín yìí bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ rà á kí ẹ tó ra jẹnẹrétọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí wárápá, kó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kó lè máa ní ti ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan lọ́wọ́. Ìgò ìnsúlíìnì tí ẹ bá ti ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣeé lò fún ọjọ́ 28 láìsí fíríìjì bí kò bá sí nínú oòrùn, ẹ ka ìwé tó bá a wá.

Fún àwọn ìbejì, ẹ ní àpò ìyẹ̀fun iyọ̀-òun-ṣúgà (ORS) fún ìgbẹ́ gbuuru nílé. Bó bá tán, ẹ fi ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan. Kí ojú ṣíbí tẹ́ gbọọrọ, kó má ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé.

Oyin dáa, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ìyá tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, kó má dáwọ́ dúró nítorí ìṣòro, kí ẹ fún òun alára ní omi àti oúnjẹ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:

Ẹ jẹ́ n sọ èyí torí ó ń dùn mí. Ìgbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ kọ́ ni kéèyàn lọ kó ọjà. Lọ́dún 2020, bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá tán lórí àtẹ káàkiri ayé, àwọn tó ń gba owó ojúmọ́ tí wọn ò lè ra ju ti ọjọ́ kan lọ ni ò rí nǹkan kan rà. Ẹni tó bá ra tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọjà kún ò gba ti ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ ìṣòro náà á sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ìyá Ìbejì, ẹ fi ìwọ̀nba kún un fún ará ilé kejì, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá gbé.

Ìyá Ìbejì:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ti yé mi báyìí: omi ọjọ́ 3 ni màá fi ọ̀sẹ̀ yìí ṣe, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ aláìdáná. Ìyá Àgbà, mo ti kọ páàdì àti garawa sílẹ̀, ẹ ṣeun mà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Omíyalé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni mo ní. Bí omi bá wọlé bá àwọn nǹkan yìí ńkọ́?

Bàbá Onírédíò:

Bó bá jẹ́ pé omi lè wọlé, kẹ́ẹ̀gì omi nìkan ni kí ẹ fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ, oògùn àti ìwé ẹ̀rí yín, òkè kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ẹ fi ọ̀rá wé àwọn ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì yọ ti ọjọ́ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ sínú báàgì kan tí ẹ lè gbé kọ́rùn kí ẹ máa lọ: omi ìgò, bisikíìtì, oògùn, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ àwọn ọmọ, owó. Kó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà.

Tí omíyalé bá kan oúnjẹ, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ohun gbogbo tó wà nínú ọ̀rá, páálí, àpò tàbí ìgò tí ọmọrí rẹ̀ ń yí, ẹ dà á nù, kódà bó bá jọ pé omi ò wọ inú ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó rì sínú omi náà, ẹ má mu omi rẹ̀. Agolo tó dì pa tí kò fọ́, tí kò wú, tí kò sì dógùn-ún nìkan lẹ lè gbà là. Ẹ ya bébà ara rẹ̀ kúrò torí ìdọ̀tí máa ń sá sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú lítà omi 4 tí ẹ fi ṣíbí ńlá kan bílíìsì sí, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé e síta kó gbẹ. Ẹ ti ya bébà rẹ̀ kúrò, torí náà ẹ fi máàkà kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí rẹ̀ sára agolo kí ẹ tó kó wọn padà sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹja yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ èso.